Mo-ti-gbọ́ àti Ohùn Ìyá Rẹ̀

Ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ fún òun ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí o bá ń kìlọ̀ fún un pé ajá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o tó dé orí "lẹ́yìn", yóò ti ní òun ti gbọ́, ajá a sì ti bù ú jẹ. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-ti-gbọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ara rẹ̀ ni kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n; bó bá dìde, a máa fi ìka lu ògiri.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àrùn ọ̀fun mú ìyá náà, àwọn dókítà sì sọ pé bí wọn kò bá gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò, ikú ni. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀gbọ́n Mo-ti-gbọ́ obìnrin, tí í ṣe aránṣọ, jókòó ti ìyá wọn, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: ìtàn bó ṣe bí wọn, orin tó fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ìyá kò lè fọhùn mọ́, kò sì kọ́ ìwé. Gbogbo ohun tó ní í sọ láyé, inú ohùn yẹn ló kó o sí.

Àpótí ìpamọ́ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, ni Mo-ti-gbọ́ tọ́jú ohùn náà sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dà á kọ síbòmíràn pẹ̀lú. Ó ní òun ti gbọ́. Kò ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ pé ètò tuntun dé tí yóò rọ́pò èyí tó ń darí òun. Ó tẹ̀ ẹ́ láìka nǹkan kan. Ètò tuntun jókòó tán, ojú rẹ̀ ń dán, gbogbo nǹkan ń yá kánkán. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìyá na ìka sí etí ara rẹ̀, ó sì tún nà án sí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo-ti-gbọ́ ki wáyà bọ ihò. Iná àpótí ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò dá a mọ̀. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó gbé e sí ihò kejì. Ó gbọn wáyà. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ìyá ń wò ó.

Ó pe obìnrin tó máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe àpótí, ètò tuntun ni kò tíì gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ní kó gbé e wá, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lọ́dọ̀ òun tí yóò kà á.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o," obìnrin náà wí, "bó bá bi yín pé ṣé kí òun..."

"Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun." Ó ti pa fóònù.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà kò jìnnà, ẹ̀yìn títì lásán ni, ṣùgbọ́n ó jìn lójú ẹni tí ìdí rẹ̀ ń jó. Ó ní òun á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ní àpótí yìí kò ṣeé kà, ṣé kí òun nù ún mọ́ kó lè ṣeé lò? "Kó lè ṣeé lò" nìkan ni ojú rẹ̀ bà lé. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà tún kìlọ̀ pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò lọ, ṣé ó dá a lójú? Ó ti tẹ ìyẹn náà kí ó tó kà á.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àpótí ṣí, òfìfo. Ó rò pé ohùn náà sá pamọ́ sí ibì kan, pé bí àpótí bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ yóò yọjú. Ló bá da fọ́tò sí i, ó da fíìmù gígùn sí i, títí ó fi kún dẹ́múdẹ́mú. Ìgbà náà ló tó gbé e, tó sáré lọ.

Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sì tì í padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká ní ó dá ọwọ́ dúró lẹ́yìn tó nù ún, òun ì bá rí díẹ̀ hú jáde, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹrù mìíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Wọ́n máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́," ó ní. "Agbè yín ò fọ́. Odò tí ẹ ó ti pọn omi mìíràn ló ti gbẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó di ẹrù ìyá wọn, ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ìyá yóò máa gbé. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá di Mo-ti-gbọ́ lọ́wọ́ mú, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Èémí nìkan ló ń jáde. Ọkùnrin náà dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ìyá tún un sọ. Kò gbọ́. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ní òun náà kò mọ̀. Ìyá jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò.

Ọdún kò yí po tí ìyá fi kú. Bí o bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá lónìí, wàá rí Mo-ti-gbọ́ níwájú dígí, tí ń mi ètè bí ìyá rẹ̀ ṣe mì í, tó ń wá bóyá ìdáríjì ni ọ̀rọ̀ náà àbí èpè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín sọ̀rọ̀ dópin. Ìbéèrè tí ẹ kò bá tíì kà tán, ẹ má dáhùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ló béèrè. Bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kó ọwọ́ yín kúrò lára rẹ̀ ná. Ohun tí kò ní èkejì láyé, ẹ má fi í síbì kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí mo ti rìn pọ̀, mi ò sì tíì rí ibi tí ìkánjú ti gbé ẹnikẹ́ni débi tó ń lọ ṣáájú àkókò. Ibi tí kò fẹ́ lọ ló máa ń tètè gbé e dé.