Túbọ̀sún Kọ Irọ́ Sínú Ìwé Oúnjẹ

Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbede méjì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí ohun tó ṣeé yẹra fún ni.

1.
Túbọ̀sún ń ta bàtà ní Doornfontein, ní gúúsù Áfíríkà lọ́hùn-ún. Òun, Fadékẹ́mi ìyàwó rẹ̀ àti Oyíndà, ọmọ wọn ọlọ́dún méjìlá, ń gbé fúláàtì kan ní Turffontein. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, ó sì ń fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀. Ní kíliníìkì, wọ́n fà á lé Lọ́lá lọ́wọ́, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní oúnjẹ tó yẹ wọ́n. Lọ́lá ò fi oúnjẹ ilé dù ú. Ó ní kó jẹ ẹ̀bà rẹ̀, àmọ́ kó má ju ìkúùkù lọ, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ nínú àwo. Ó fún un ní ìwé kékeré kan pé kó máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sílẹ̀.

Ó tún sọ fún un pé, “Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà á bá yín dín abẹ́rẹ́ kù. Mi ò ní bá yín jà.”

2.
Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá ṣe. Bó bá jẹ pap, òkèlè àgbàdo wọn níbẹ̀, rẹpẹtẹ àti ẹran sísun lọ́sàn-án, tó fi kóòkì méjì lé e, “ẹ̀fọ́ àti ẹja” ló máa kọ. Ojú ń tì í kí ọmọ kékeré bíi Lọ́lá máa bá a wí nítorí òkèlè. Ṣúgà rẹ̀ kò wálẹ̀. Dókítà wo ìwé, ó rí ẹ̀fọ́ lójú ewé gbogbo, ó gbà pé oògùn ni kò tó, ó sì fi kún ínsúlíìnì. Fadékẹ́mi bẹ̀ ẹ́ kó sọ òótọ́. Ó ní kó panu mọ́.

3.
Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì fẹ́ fi Túbọ̀sún joyè àgbà. Àwọn tó máa joyè yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò ní fi omi kan ẹnu. Wòlíì ní kí ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ààwẹ̀ náà. Túbọ̀sún ní ara òun le koko. Kò sọ fún Lọ́lá, kò sì dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Abẹ́rẹ́ kì í ṣe oúnjẹ. Ẹnu kọ́ ló ń gbà wọlé. Kò lè ba ààwẹ̀ mi jẹ́.”

Odindi ìwọ̀n tí wọ́n fi kún nítorí irọ́ rẹ̀ ló ń gún sínú ikùn òfìfo.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ. Lọ́lá ti kọ́ Fadékẹ́mi pé ṣúgà ló já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó yára fún un ní ohun dídùn mu. Fadékẹ́mi gbé ife Fáńtà lọ bá a ní kíṣìnì, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Túbọ̀sún ò dá a mọ̀ mọ́. Ó pè é ní Sátánì tó fẹ́ ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Ó fa ọmọ odó, ó là á mọ́ ọn lójú. Eyín fò yọ. Obìnrin náà ṣubú, ọkọ rẹ̀ tún là á, ó tún là á, ẹ̀jẹ̀ ta sára fíríìjì. Fadékẹ́mi gbé apá bojú, apá náà kán. Oyíndà sáré wọlé, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

“Daddy, please, it's Mummy.”

Ó ta ọmọ náà nípàá, orí ọmọ gbá ògiri. Ìgbà tí gìrì gbé òun náà ṣánlẹ̀ ni ọmọ odó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló pe ọkọ̀ aláìsàn.

5.
Ní ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, orí rẹ̀ pé padà. Kò rántí nǹkan kan. Wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan lu ìyàwó rẹ̀ débi tí dókítà fi yọ ojú òsì rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ń búra pé òun máa pa ẹni tó dán irú ẹ̀ wò.

Ó ní, “Ta ló lu ìyàwó mi?”

Oyíndà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì, báńdéèjì lórí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí máa ń fi dá wọn lóhùn, àmọ́ lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ.

“Ẹ̀yin ni, Daddy.”

Fadékẹ́mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Òun àti ọmọ ti kó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má parọ́ fún ẹni tó ń bá yín tún oúnjẹ ṣe. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn ni wọ́n fi ń wọn oògùn yín. Tẹ́ ẹ bá jẹ odindi abọ́ ẹ̀bà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ojú kan ṣoṣo ni Fadékẹ́mi yóò máa fi wo ọmọ rẹ̀ títí ọjọ́ ikú.