Ẹ̀wà Inú Agolo

Lọ́jọ́ tí rédíò dá eré Àwẹ̀ró dúró láìparí, inú lọ́rì ni wọ́n fi Àwẹ̀ró, obìnrin inú eré náà, sí. Ó ń wá ọkọ rẹ̀ lọ, lọ́rì taku lójú ọ̀nà, orin ìparí dún, ó tán. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀ ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Rokibat ò lè gbà kí obìnrin wà nínú lọ́rì títí ayé. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ọjà Tuntun, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ àṣepatì. Òun àti Nàfísàt, onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń bá Àwẹ̀ró rìn lọ sílẹ̀. Tíṣà Kàbírù wọlé, Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ onímọ́tò wọlé, Sàní tó ń ta iṣu lọ́jà Ìpàtà náà wọlé. Wọ́n di márùn-ún.

Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun aláasárì, kálukú á ka ìtàn tó kọ nípa ibi tí Àwẹ̀ró rìn dé. Tí wọ́n bá kà tán, wọ́n á máa wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Agolo mílíìkì márùn-ún wà níbẹ̀, Rokibat ti so òwú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn. Pupa ni tiẹ̀. Ẹ̀wà kan ni kálukú máa ń mú dání, agolo ẹni tí ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ ọn jù ló sì máa jù ú sí. Èèwọ̀ ni kéèyàn jù ú sínú ti ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni wàrà tí wọ́n dáwó rà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó kọ náà á di òótọ́, kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́.

Nàfísàt ló sábà máa ń jẹ wàrà, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́kún. Ti Rokibat kì í ju ẹ̀wà kan lọ. Bí Àwẹ̀ró bá bọ́ sí i lọ́wọ́, àfi kó máa tún nǹkan ṣe: ó rán tapólì lọ́rì, ó lẹ àpò dẹ́rẹ́bà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà kan yẹn kì í yẹ̀. Ó dá a lójú pé Tíṣà ni, torí Tíṣà máa ń mi orí tó bá ń kà. Ìyẹn ló ṣe ń bá Tíṣà gán bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Sàní ní tiẹ̀, òfo ni. Kò gba ẹ̀wà kankan rí. Ibi yòówù kí Àwẹ̀ró dé, tó bá ti dọ́wọ́ Sàní, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ iṣu.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, kété lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Sàní gbé iṣu méjì wá bó ṣe máa ń ṣe, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ Rokibat.

"Ó ṣẹ́kù lọ́jà ni," ló wí.

"Iṣu tó ṣẹ́kù ló tóbi báyìí?" Nàfísàt bi í.

"Àwọn èèyàn ò mọ iṣu rà mọ́." Ó jókòó. "Ẹ gbọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Tí mi ò bá rí ẹ̀wà lónìí, mi ò wá mọ́. Agolo mi ti fẹ́ dípẹtà."

Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Sàní, gbé obìnrin yìí kúrò nídìí iṣu, wàá rí ẹ̀wà."

"Ṣé kí n máa kọ ohun tí mi ò mọ̀ ni?"

Rokibat ò rẹ́rìn-ín. Sàní nìkan ló máa ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, tún ibi tapólì yẹn kà." Ohun kan tún ni pé, tí Sàní bá lọ, òun Rokibat ló máa gbẹ́yìn pátápátá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nàfísàt pa wọ́n lẹ́kún. Sàní ló kà kẹ́yìn. Àwẹ̀ró dé Ìpàtà, ó ní òun ò wá ọkọ mọ́, ó jókòó síbẹ̀, ó ń ta iṣu. Ọkùnrin kan wà nítòsí tó máa ń ṣa èyí tó tóbi jù fún un láràárọ̀, tí kì í sọ nǹkan kan. Ó tán.

"Kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀?" Nàfísàt béèrè. "Ṣé odi ni?"

"Ọjà ń lọ lọ́wọ́ ni," Sàní fèsì.

Nígbà tó kan Rokibat, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó mọ̀ pé ti Nàfísàt ló dùn jù. Ó fi ẹ̀wà rẹ̀ sínú agolo Sàní jẹ́jẹ́, kó má baà dún.

Agolo Sàní ni Tíṣà kọ́kọ́ dà sílẹ̀, kí ìtìjú rẹ̀ lè tètè tán. Ẹ̀wà mẹ́rin yí sórí tábìlì.

 Sàní kà á, ó tún un kà. Ó fò sókè. "Wàrà dà? Asabe! Asabe oníwàrà!" Ó ti bọ́ síta.

Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ forí jì mí o. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí. Mo ní kó ṣáà rí ẹyọ kan mú lọ sílé."

"Hàà! Èmi náà!" Nàfísàt ní.

Tíṣà yọ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Èmi náà kúkú ni."

"Ó wá ku èmi," Rokibat wí.

Ẹ̀rín pa wọ́n títí Nàfísàt fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ gbà wá! Àwẹ̀ró ti di oníṣu!"

"Kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́," Tíṣà fi kún un.

Wọ́n ń kó agolo nílẹ̀. Ti Nàfísàt ṣófo, ti Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ ṣófo, ti Tíṣà náà ṣófo. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Sàní níta, ó ń sọ fún Asabe pé kó bu wàrà náà kó kún dáadáa. Rokibat ṣì ń nu omi ẹ̀rín lójú nígbà tó gbé agolo olówùú pupa láìwò ó, torí ó ti mọ ibi tí ẹ̀wà Tíṣà lọ lónìí.

Ẹ̀wà kan ṣoṣo dún nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń dún ní gbogbo Sọ́ńdè.