Alùpùpù Merle àti Ìkíni Oníka Méjì

Ẹ má dúró lágbedeméjì. Ẹ bá mi ka èyí dé ìsàlẹ̀. Kí la ti mọ̀ nípa alùpùpù ńlá? Pé ó ń sáré. Ó dáa. Ṣùgbọ́n níbo ló ti tètè máa ń ṣubú? Ẹ di ìdáhùn yín mú ná.

Merle Haugen, ará ìlú kékeré kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ wàràkàṣì, ó sì ra èyí tó ti ń wù ú láti ìgbà èwe. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun náà rẹwà. Ó dúdú, ó ń dán bí ojú omi, àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ìrọ̀rí. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń kùn, àyà ẹni a máa bá a kùn.

Arlys, ìyàwó rẹ̀, tí kò gun alùpùpù rí, gbà láti bá a lọ sí àwọn òkè Dakota. Ó ní, "Mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹ o, bàbá. Má jẹ́ kí n kábàámọ̀."

Orrin aládùúgbò wọn gé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí méjì méjì, ó sì to wọ́n sílẹ̀ bí àmì níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Merle, wá yí láàárín wọn ná. Jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn."

"Ṣé ọmọdé tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo jọ lójú ẹ? Mo ti ń gun alùpùpù kí orí ẹ tó pá."

"Èyí tó o gùn nígbà yẹn fúyẹ́. Akọ màlúù lèyí."

Merle rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìrìn pé. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, alùpùpù ń yọ́ lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Arlys gan-an ń kọrin lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń yà sí ilé epo, àwọn tó ń gun irú tiwọn wà níbẹ̀, wọ́n na ìka méjì sísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Merle fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ògbólógbòó lòun. Bó ti ń yí wọlé, ó ju ọwọ́ òsì sílẹ̀ láti dáhùn, ọwọ́ tó fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kí agbára ẹ́ńjìnnì má bàa dé táyà. Alùpùpù fò síwájú. Ọwọ́ ọ̀tún gbá bíréèkì iwájú mú, bẹ́ẹ̀ táyà iwájú ṣì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbì ló wó, ó sì kán Arlys lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Ṣé ó dùn ẹ́ gan-an?"

"Ẹsẹ̀ á san, Merle. Ṣùgbọ́n mi ò tún jókòó lẹ́yìn ẹ mọ́."

Ẹsẹ̀ san. Merle wá ń lọ yí láàárín bọ́ọ̀lù Orrin, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àga rírọ̀ yẹn ṣófo títí dòní.

Ẹ rántí ìbéèrè wa? Ibi tí a ti ń rọra yí ni. Ẹ̀yin tí alùpùpù ńlá wù, ẹ rà á. Ó yẹ ní rírà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé olólùfẹ́ yín sẹ́yìn kí ẹ tó mọ̀ ọ́n yí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Lọ́la, ẹ wá pápá tó ṣófo, ẹ to bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀yin nìkan rọra yí láàárín wọn. Ẹ má wo ilẹ̀. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ máa wò.