Àpò Ọrùn Ìbídùn

Òfin ni pé kí èrò ọkọ̀ òfurufú kó ohun olómi rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó gbé e kọ́rùn títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Orúkọ àìsàn gbọ́dọ̀ hàn gàdàgbà lára ìgò oògùn. Orúkọ aláìsàn ni wọn kì í kọ.

Lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀, Ìbídùn nawọ́ sí àpò kan tó ṣú díẹ̀.

"Wọ́n ti fòfin de ìyẹn, àǹtí," obìnrin tó ń tà á sọ.

Olúmúyìwá, ọkọ rẹ̀, mú èyí tó mọ́ jù. Ó ki ìgò oògùn àìrọ́mọbí tí dókítà kọ fún òun alára sínú rẹ̀, ó gbé e kọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Lọ́fínńdà nìkan ló kó sínú tirẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi gbé e. Màámi ti ń bọ̀."

Ìyá rẹ̀ dé, ó tẹjú mọ́ àyà Ìbídùn, ó ka ara ìgò náà sókè ketekete.

"Háà! Àṣé ìwọ lo ń fìyà jẹ ọmọ mi látọjọ́ yìí!"

Ìbídùn wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Olúmúyìwá gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Màámi, ẹ má bá a wí mọ́. Èmi ti gba kámú."