Iná Pupa Ẹnu Ọ̀nà

Iná pupa ti tàn lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé mọ́.

Nínú yàrá ìwádìí, Wiebke ń tan iná lésà sí ẹ̀rún wúrà tí ojú lásán ò lè rí, maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń yàwòrán ẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà nípọn, kì í jẹ́ kí ohùn wọlé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá kàn án níta, àwòrán á gbọ̀n.

Àwòrán gbọ̀n.

"Wèrè wo ló ń da ilé rú níta?"

Torben, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, dìde. "Ṣé kí n lọ wò ó?"

"Jókòó jàre. Tá a bá ṣílẹ̀kùn báyìí, iṣẹ́ àárọ̀ yìí ti dòfo nìyẹn. Àbí o fẹ́ kí ọkọ mi pa ẹ́ ni? Òun ló ṣòfin iná pupa."

Torben rẹ́rìn-ín. "Henning? Bí ilé bá ń jó, ìyẹn á dúró kí iná pupa kọ́kọ́ kú."

Àwòrán tún gbọ̀n, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, kò gbọ̀n mọ́.

"Ó ti lọ," ni Wiebke wí. "Orí ẹ̀ ti pé."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó pa lésà, iná pupa kú. Ó taari ilẹ̀kùn. Nǹkan wúwo kan dí i.

Àwọn méjèèjì jọ taari ẹ̀.

Henning ló nà gbalaja sílẹ̀, ọwọ́ kan láyà. Ara ẹ̀ ti tutù.

Àwòrán kọ́kọ́ gbọ̀n nígbà tó kanlẹ̀kùn. Ó tún gbọ̀n nígbà tó ṣubú lu ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn yẹn ò sì ní kọ́kọ́rọ́. Òfin Henning nìkan ló tì í.