Àwo Kẹtàdínlógójì

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún, olùyẹ̀wò fún Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Fíìmù Àtijọ́, wọ ìbọ̀wọ́ funfun ní pálọ̀ Ìyáàfin Àbẹ̀jẹ́ Fákáyọ̀dé ní Òṣogbo. Àyẹ̀wò ọdọọdún ló bá wá. Ọgọ́rùn-ún péré ni àwo fíìmù tí ẹgbẹ́ náà fi ọ̀rá wé, tí wọ́n sì pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́; ti ìyáàfin yìí ni ìkẹtàdínlógójì. Òfin ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí ẹni tó ni àwo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, kó má sì wò ó láéláé.

"Ẹ kò ṣí i, mà?"

"Mo ṣí i, sà."

Ọkùnrin náà gbé àwo náà yẹ̀ wò; ọ̀rá ara rẹ̀ ti ya. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń yẹ ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àwo wò. Kò tíì wo ẹyọ fíìmù kan rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Màmá mi ló ṣe olorì nínú rẹ̀," ni ìyáàfin náà wí. "Mo ti ń gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín."

"Wọn yóò yọ yín lẹ́gbẹ́, mà."

"Kí wọ́n yọ mí. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà."

Àwo tí wọ́n bá ṣí ti kú lójú òfin. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún kọ ìwé ẹ̀rí ikú fún un, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà." Ó fa àga súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Kò bójú mu kí ènìyàn fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án."