Alùpùpù Tó Há Sófuurufú

"Já bọ́ ná, ìwọ yìí!" Ọlọ́kadà náà ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù bí ẹni ń pa iná orí. Alùpùpù inú géèmù rẹ̀ ti fò, ó sì há sófuurufú. Táyà ń yí, kò lọ síwájú, kò wá sílẹ̀.

"Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí lo mọ̀?"

Ìyàwó já fóònù gbà, ó pa á, ó tún un tàn. Alùpùpù ti padà sójú títì, ẹni tó gùn ún ò fara pa rárá.

"Ẹ ò rí i?"

Ọkọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, látọjọ́ tóun náà ti fẹ́ fi alùpùpù rẹ̀ fò bẹ́ẹ̀ kọjá gọ́tà.

"Ìyá ọmọ mi, wá bá mi pa èyí náà, kó o tún un tàn."